Bí Ọlọ́pọ̀ àti Ìwọ̀nba Ṣe Pín Ìjókòó Lára Gìtá

Nígbà láéláé, kì í ṣe láéláé ti àwọn baba ńlá wa o, láéláé ti iná mànàmáná ni mò ń wí, igi ń sọ̀rọ̀, irin ń sọ̀rọ̀, wáyà pàápàá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá tirẹ̀ sọ.

Obìnrin kan wà ní ìlú Òkè-Orin nígbà náà, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, olórin sì ni. Kò sí ẹni tó ń gbẹ́ gìtá bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá yin iṣẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ sọ pé kò tó nǹkan. Á ní, "Ẹ ò tíì rí èyí tí mò ń bọ̀ wá gbẹ́."

Bàbá rẹ̀ fi igi àpá kan sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ogún ọdún ni igi náà fi gbẹ lókè àjà. Nígbà tó tó àkókò, Àwẹ̀ró sọ ọ́ kalẹ̀, ó gé e, ó fá a, ó dán an títí ó fi di Gìtá. Ara Gìtá pọ́n, ó ń dán yinrinyinrin. Ó de okùn mẹ́fà mọ́ ọn láti orí dé ìsàlẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ yẹn ni Afárá wà, irin kúkurú tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń sinmi lé. Ara ọkọ́ àtijọ́ kan ni wọ́n ti rọ Afárá, nítorí náà òun ni àgbà láàrin gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n gìtá oníná kò lè sọ̀rọ̀ láìní agbóhùn. Agbóhùn ni ohun kékeré tó máa ń jókòó sábẹ́ okùn. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun ni wọ́n sì ká mọ́ ọn lára. Bí okùn bá mì, agbóhùn á gba ohùn rẹ̀, á fi rán sípíkà, sípíkà á wá ké e síta kí gbogbo ayé gbọ́.

Àwọn agbóhùn ayé ìgbà náà máa ń kùn. Bí orin dákẹ́, àwọn kì í dákẹ́. Wọ́n á máa kùn hùn-ùn-ùn bí oyin tó wọ inú àgbá. Àwẹ̀ró ní òun kò ní fi oyin sínú igi bàbá òun. Ó mú ìdì wáyà méjì, ó ká ọ̀kan sí ọ̀tún, ó ká èkejì sí òsì, ó yí ojú òòfà wọn padà síra, ó sì so wọ́n pọ̀ bí ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti fẹ́ kùn, èkejì á kùn ún padà, kíkùn méjèèjì á pa ara wọn, orin nìkan ló máa ń kù.

Méjì irú agbóhùn oníbejì bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Èyí àkọ́kọ́, ìgbà ẹgbàárùn-ún ló ká wáyà mọ́ ọn. Ó sanra, ó lágbára, ohùn rẹ̀ sì le. Ó sọ ọ́ ní Ọlọ́pọ̀. Nígbà tó fi máa kan èkejì, wáyà ti ń tán lọ, ìgbà ẹgbàárin péré ló rí ká mọ́ ọn. Ó sọ ọ́ ní Ìwọ̀nba. Báyìí ni Ọlọ́pọ̀ ṣe di ẹ̀gbọ́n, tí Ìwọ̀nba sì di àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ìjókòó méjì ló wà fún wọn. Ọ̀kan wà níwájú, nítòsí ọrùn Gìtá. Èkejì wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Afárá.

"Ta ni yóò jókòó síbo?" Gìtá béèrè.

Àwẹ̀ró kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àbúrò kì í nawọ́ sí ẹran kí ẹ̀gbọ́n tó mú tirẹ̀.

"Ọlọ́pọ̀, ìwọ ni àgbà," ó ní. "Mú èyí tó wù ọ́."

"Ọrùn ni tèmi," Ọlọ́pọ̀ dáhùn. "Ọrùn ni wọ́n ń kó ìlẹ̀kẹ̀ sí. Lóòótọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wà, ṣùgbọ́n ta ló ń rí i?"

Ìwọ̀nba kò jiyàn. Ó lọ sẹ́yìn, ó jókòó, ó sì yíjú sí Afárá. "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi," Afárá wí. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í, ó bá dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìlú Òkè-Orin ń múra àjọyọ̀ ọdún kan tí iná mànàmáná wọ ìlú. Látúbọ̀sún, olórí ẹgbẹ́ eléré, fẹ́ yan ohun èlò tí yóò ṣáájú orin lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti wà, Kàkàkí ló ń ṣáájú. Àwẹ̀ró bọ́ sí àárín agbo, ó gbé Gìtá sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Èyí ni yóò ṣáájú," ó wí. "Bí kò bá dún ju Kàkàkí lọ, kí ẹ la igi rẹ̀, kí ẹ fi kan àga fún ara yín."

Ara Gìtá bù máṣọ. Ẹnìkan kò bi òun léèrè kó tó di pé wọ́n fi òun jẹ́jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ó dára kí ènìyàn ní ìyá tó lè fi ọ yangàn.

Wọ́n ní kó dán an wò. Ọ̀pá kékeré kan wà lára Gìtá tí Àwẹ̀ró fi ń pe àwọn agbóhùn: òkè fún ti ọrùn, ìsàlẹ̀ fún ti afárá, àárín fún àwọn méjèèjì. Ó kọ́kọ́ pe Ọlọ́pọ̀. Ohùn tó jáde wúwo, ó sì dàrú. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ kò hó, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ń sọ kí ni. Ó yára pe Ìwọ̀nba. Ohùn tí ìyẹn náà mú jáde tín-ín-rín, ó ń ké bí ẹ̀fọn létí.

Kàkàkí rẹ́rìn-ín títí. "Àwẹ̀ró, ẹ fún ọ̀kan lónjẹ, kí ẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìkejì."

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Látúbọ̀sún kò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ bàbá Àwẹ̀ró dáadáa. "Ẹnu rẹ lo fi sọ ọ́, ọmọ mi," ó ní. "Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí àjọyọ̀ pé. Bí kò bá yí padà, n kò ní lè gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn."

Àwẹ̀ró pa okùn dà. Kò yí padà. Ó yá sípíkà mìíràn, kò yí padà. Ó fá ọrùn Gìtá, ó tún un fá, bákan náà ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó gbé ayùn sórí tábìlì, ó sì jókòó tì í, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá mi," Gìtá pè é, "ṣé ẹ máa là mí ni?"

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ pa á lára. Ìtìjú bá a, ẹ̀dùn ọkàn sì bá a ju ìtìjú lọ. Igi tí bàbá rẹ̀ fi pamọ́ fún ogún ọdún ni yóò di àga tí Kàkàkí máa sinmi lé.

Nígbà náà ni Afárá húkọ́ díẹ̀.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Ẹ kò bi mí, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Àwẹ̀ró, fa okùn kan, kí o sì wò ó. Wò ó ní ìhà ọrùn. Báwo ló ṣe ń ṣe?"

Àwẹ̀ró fà á. "Ó ń jó, Bàbá. Ó ń ṣí apá gbàràgàdà."

"Wò ó níbí, lọ́dọ̀ mi."

"Kò jó rárá. Ó kàn ń gbọ̀n ni."

"Ó dáa. Níbi tí okùn ti ń jó, ohùn pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tí yóò gbà á níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ wọ̀bìà. Ọlọ́pọ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń gbé gbogbo rẹ̀ mì, ohùn há a lọ́fun. Níbí, díẹ̀ ni okùn ń fúnni. Alágbára ló lè fi díẹ̀ ṣe púpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ pàrọ̀ ìjókòó, orin á sì dára."

"Rárá o," Ọlọ́pọ̀ dáhùn. "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kí àbúrò mi jókòó síwájú, kí n jókòó sẹ́yìn rẹ̀? Bí àwọn ènìyàn bá rí wa, ta ni wọ́n máa pè lẹ́gbọ̀n-ọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n máa là á o," Ìwọ̀nba wí jẹ́jẹ́.

"Kí wọ́n là á. Àga náà yóò mọ̀ pé èmi ni àgbà."

Inú bí Àwẹ̀ró, ó dìde, ó fẹ́ fi ipá yọ ọ́. Afárá dá a dúró.

"Má fi ipá yọ àgbà ní ìjókòó. Ohùn rẹ̀ kò ní já gaara mọ́. Ọlọ́pọ̀, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí obìnrin bá bí ìbejì, èwo ló ń kọ́kọ́ jáde?"

"Táyé ni."

"Èwo wá ni ẹ̀gbọ́n?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá? Kẹ́hìndé tó wà lẹ́yìn ni àgbà. Òun ló rán Táyé ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò, bóyá ó dùn. Ọlọ́pọ̀ fúnra rẹ̀, ìdì wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, ìbejì ni, ṣé ó lè sọ pé òun kò mọ̀?

"Kẹ́hìndé ni," ó sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n nínú ilé wọn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tèmi, ta ló máa mọ̀?"

Ìwọ̀nba ló dáhùn. "Èmi ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀," ó wí. "Níbikíbi tí mo bá jókòó sí, màá kúnlẹ̀ fún yín. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní gbogbo ìgbà tí orin bá ń lọ, ẹ ó wà lórí ìdúró, èmi ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó bá rí wa á mọ ẹni tí ẹ jẹ́."

Ó sì kúnlẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn.

Ohun tó ti ń le nínú Ọlọ́pọ̀ rọ̀. "Dìde, ọmọ ìyá mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Àwẹ̀ró, ẹ gbé mi lọ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí àbúrò mi lọ tọ́ ayé wò fún mi."

Àwẹ̀ró tú wọn, ó pàrọ̀ ìjókòó wọn, ó sì gbé ayùn kúrò lórí tábìlì.

Nígbà tí ọjọ́ àjọyọ̀ pé, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Kàkàkí kọ́kọ́ dún, ó dún dáadáa, a kò ní torí ìjà purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni Àwẹ̀ró jáde. Ó rí i pé Ìwọ̀nba ti kúnlẹ̀, pé ó jìnnà sí okùn díẹ̀. Ó fẹ́ gbé e sókè.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá wa," Ìwọ̀nba wí. "Mo ti ṣèlérí."

Àwẹ̀ró pe ti ọrùn. Ohùn tó jáde tutù, ó kún, ó já gaara bí omi àmù. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí mì díẹ̀díẹ̀, wọn kò mọ̀ pé àwọn ń mì. Ó wá pe ti afárá. Ọlọ́pọ̀ mú gbígbọ̀n kékeré tí okùn fún un, ó sọ ọ́ di ohùn tó mú, tó le, tó la agbo já, tó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè odò. Bí Àwẹ̀ró dákẹ́, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí oyin kankan tó kùn. Ó wá gbé ọ̀pá náà sí àárín, ó pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pọ̀.

Kàkàkí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ̀ lọ́nà.

Látúbọ̀sún di Gìtá mú lápá, ó mú un wá sí iwájú gbogbo ẹgbẹ́. Àwẹ̀ró wo gbogbo ìlú tó pé jọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Igi bàbá mi nìyẹn," ó wí, kò sì fi ohunkóhun kún un.

Láti ọjọ́ náà ni agbóhùn tí wọ́n ká wáyà púpọ̀ mọ́ ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, tí èyí tí wáyà rẹ̀ mọ níwọ̀n sì ń jókòó ní ọrùn. Láti ọjọ́ náà kan náà ni èyí tó wà ní ọrùn ti máa ń rẹlẹ̀, tí kì í sún mọ́ okùn tó ti afárá. Lọ wo gìtá tó bá wà nítòsí rẹ, o ó rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ ìtàn yìí á ní onígìtá ló rọ̀ ọ́ wálẹ̀ kí ohùn má baà dàrú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kí.