Ẹ́ńjìnì Kọ̀, Ọmọ́yẹlé Ń Rọbí

Ọmọ́yẹlé ń rọbí nínú ọkọ̀ ojú omi, òdìkejì ọ̀sà ni ilé ìwòsàn wà, ẹ́ńjìnì sì kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ ń dán, ti fa okùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi àgbà atukọ̀ wò ó.

"Bàbá, ẹ́ńjìnì kì í ṣe àjẹ̀ o!"

Mo yẹ táǹkì epo wò. Nítorí òjò àná, wọ́n ti dí ihò atẹ́gùn orí táǹkì epo pinpin. Epo kì í sì í ṣàn níbi tí atẹ́gùn ò bá ti ráàyè wọlé. Mo tú u, mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ́ńjìnì bú ramúramù.

"Háà! Níbo lẹ ti kọ́ ọ, bàbá?"

"Níbi tí ìyà ti jẹ mí. Bọ́mọdé láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ó yá, wà á lọ!"

Ilé ìwòsàn ni Ọmọ́yẹlé bí sí. Bẹ́nikẹ́ni bá bi yín, èmi ni mo jí ẹ́ńjìnì náà dìde.