Ọjọ́ Tí Ṣẹ́gilọ́lá Fi Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ La Ọ̀sà Já

Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ bí Ifá ṣe sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń kánjú, kí ó máa lọ ní tirẹ̀; ìtàn yìí kò ní bá a lára mu.

Ọ̀pá kì í ti èbúté mọ bí àárín ọ̀sà ṣe jìn tó. Àjẹ̀ kì í bá omi jà kí ó borí. Àwọn ni wọ́n ṣe awo fún Ṣẹ́gilọ́lá, obìnrin tí ó ń hun ẹní ní Èbúté-Àgbọn, ní ọjọ́ tí ó ń wá ọmọ ọmọ tí yóò pọ̀n sẹ́yìn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ṣẹ́gilọ́lá bí. Ẹfúnyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Ìdó-Ìyeyè ni wọ́n fẹ́ ẹ sí, ní òdìkejì ọ̀sà, ìrìn ọjọ́ kan gbáko nínú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹfúnyẹmí ti lóyún, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ kú kí ó tó délẹ̀. Ìdó-Ìyeyè kò ní àgbẹ̀bí tirẹ̀. Láti àwọn abúlé etí omi ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè é. Ní ìgbà méjèèjì, eré ni Ṣẹ́gilọ́lá sá. Odùkọ̀yà àbúrò rẹ̀, atukọ̀ tí kò sí irú rẹ̀ ní èbúté, ń ti ọkọ̀ bí ẹni tí iná ń lé. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni lójú omi. Wọn kò jẹun. Síbẹ̀, ẹkún ni wọ́n bá nílé.

Nígbà tí oyún kẹta wọ oṣù rẹ̀, Ṣẹ́gilọ́lá ní òun kò ní sunkún mọ́. Ó di ọ̀já mọ́ ìdí, ó tọ àwọn awo lọ. Ó bi wọ́n bóyá òun yóò gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé ọmọ òun.

Wọ́n ní yóò gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí ó rú àkùkọ kan, epo àti iyọ̀, kí ó sì se ìkọ́kọrẹ́ kún ìkòkò ńlá, kí ẹja inú rẹ̀ má ṣe ṣọ̀wọ́n. Kí ó gbé ìkòkò náà wọ ọkọ̀. Èyí tí ó le ni wọ́n fi parí rẹ̀. Wọ́n ní ní ọjọ́ tí ó bá ń lọ, kò gbọdọ̀ sáré. Kí ó jókòó, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó máa wo omi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pè é lójú omi, kí ó dúró, kí ó bu oúnjẹ fún un, kí wọ́n sì jọ jẹ ẹ́. Wọ́n ní ire rẹ̀ wà lójú omi, ó sì ti sáré kọjá rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn fi ewúrẹ́ rúbọ, yóò wá ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní kí ìyá tí ọkàn rẹ̀ ń gbóná má kánjú, ẹbọ wo ni ó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣẹ́gilọ́lá kò jiyàn. Ó rú u, ó gbé ti Èṣù fún Èṣù, ó sì lọ rin ewùra.

Odùkọ̀yà ni wọ́n sọ àbúrò rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Odù kì í pẹ́ létí rẹ̀. Wọ́n ní kí òun náà fi nǹkan kún ẹbọ, nítorí òun ni yóò tukọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tó já òun lẹ́nu ọmú ni òun ti mọ ọ̀sà, kí wọ́n lọ fi ẹbọ lọ ẹni tí kò mọ ọkọ̀ tù.

Ìrì ṣì wà lórí ewé òṣíbàtà nígbà tí wọ́n kúrò ní èbúté. Omi tẹ́jú bí ẹní tuntun. Ṣẹ́gilọ́lá na ẹsẹ̀ bí wọ́n ti wí. Ojú rẹ̀ ń gbádùn omi, ọkàn rẹ̀ sì ń bá ojú rẹ̀ wí. Àwọn ọkùnrin méjì tí ń ri ìgèrè ẹja sódò kí wọn, ó ní kí ọkọ̀ dúró. Wọ́n jọ jẹ ìkọ́kọrẹ́, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹja tí ó wọ́n. Nígbà tí wọ́n tún lọ díẹ̀, adẹ́mu kan ké sí wọn láti orí igi ọ̀gùrọ̀ pé kí wọ́n wá tọ́ tòun wò. Wọ́n tún dúró. Odùkọ̀yà mu ẹmu náà o, kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó fajú ro. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti sọ ọ̀nà tí ó jìn di ìrìn fàájì. Ṣẹ́gilọ́lá di etí ọkọ̀ mú gírígírí, inú ọwọ́ náà ni ó kó gbogbo ìkánjú rẹ̀ sí.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, wọ́n kan èèsún gíga kan tí àwọn ẹ̀gà kọ́lé sí lórí. Kò sí atukọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà sí ọwọ́ òsì bí wọ́n bá ń lọ sí Ìdó-Ìyeyè. Odùkọ̀yà ti ń yà nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn kan láàárín koríko. Ẹnìkan ń juwọ́ sí wọn. Odùkọ̀yà ní àwọn kò ní dúró mọ́, ilẹ̀ ń lọ, ta ni ó sì mọ̀ bóyá iwin ni?

Ṣẹ́gilọ́lá dìde dúró nínú ọkọ̀.

"Odùkọ̀yà, gbé ọ̀pá rẹ sókè. Bí o kò bá dúró, màá bọ́ sómi, màá sì wẹ̀ lọ bá a."

Ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá sókè.

Ìyá arúgbó kan ni, nínú ọkọ̀ kékeré, ẹrẹ̀ bo apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Láti àárọ̀ ni ó ti ń pe àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá, kò sí èyí tí ó yà. Ṣẹ́gilọ́lá kò tíì bi í léèrè ohunkóhun tí ó fi bu ìkọ́kọrẹ́ fún un, ó sì bá a jẹ ẹ́. Ìgbà tí ìyá náà nu ẹnu tán ni ó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má yà níbí. Èèsún yìí ò sí níbi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí mọ́. Orí omi ló léfòó sí, àgbàrá ló tì í wá. Èmi náà gbẹ́kẹ̀ lé e láàárọ̀, mo yà, ẹrẹ̀ sì gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ni mo fi wa ọkọ̀ jáde dé ibí. Ọ̀nà gan-an ṣì wà níwájú."

Odùkọ̀yà fi ọ̀pá ti ìdí èèsún náà. Gbogbo rẹ̀ sún, àwọn ẹ̀gà sì fò dìde. Láti ìgbà èwe Odùkọ̀yà ni ó ti ń fi èèsún yẹn júwe ọ̀nà fún èèyàn.

Ṣẹ́gilọ́lá wá bi ìyá náà níbi tí ó ń lọ.

"Ìdó-Ìyeyè. Àgbẹ̀bí ni mí. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ìyàwó kan ń rọbí, ọmọ Èbúté-Àgbọn, tó ti bí lẹ́ẹ̀mejì tí ọmọ ò ké."

Ṣẹ́gilọ́lá na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ìyá náà wọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó fi í jókòó sórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ire mi ti wọ ọkọ̀. Ó yá, máa tù ú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Odùkọ̀yà tukọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń tan fìtílà nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi ń bọ̀, àwọn ará ilé kò sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Àgbẹ̀bí fọ ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé. Ṣẹ́gilọ́lá dúró lóde, ó di òpó ilé mú bí ó ti di ọkọ̀ mú. Ó pẹ́ kí ohunkóhun tó dún. Nígbà tí yóò dún, igbe ọmọ ni. Ṣẹ́gilọ́lá tí ó ní òun kò ní sunkún mọ́ bú sẹ́kún.

Ìgè ni wọ́n sọ ọmọ náà, nítorí ẹsẹ̀ ni ó fi wáyé. Ìyá rẹ̀ yè, òun náà yè. Odùkọ̀yà padà lọ rú ẹbọ tí ó kọ̀. Ó gé igi, ó rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà gan-an, níbi tí àgbàrá kò ti lè tì í.

Èrò ọ̀sà, èrò èbúté, ẹ wá wo Ṣẹ́gilọ́lá pẹ̀lú ọmọ ọmọ lẹ́yìn. Ó yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo sì gbé ìyìn náà fún Ifá. Ifá ní ẹni tí a bá yan ẹbọ fún, kí ó rú u tán, títí kan èyí tí kì í ṣe ẹran, tí kì í ṣe epo. Ní Èbúté-Àgbọn, láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kì í kọjá ẹni tí ó bá juwọ́. Wọn yóò dúró, wọn yóò sì kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun.