Ọ̀bọ Onígi àti Iye Tí Wọ́n So Mọ́lẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Mo ní àlọ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ṣé oorun ti ń kùn yín ni?

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò sókè. Kò bà lé orí iṣu, kò bà lé orí ẹja. Orí ìdì igi ìdáná ló bà lé. Ó ba Ọ̀bọ tó ń ta á, ó ba Ẹtù abiyamọ tó ń rà á. Àkàngbé, kúrò lójú iná, jẹ́ káwọn àgbà ráyè yáná.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ń gbé pọ̀ nílùú kan, wọ́n sì ń dáná bí àwa náà ti ń dá a. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, Ọ̀bọ nìkan ló mọ igi í gùn. Òun ló ń ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ lókè, tí ń dì í ní ìdì-ìdì, tí ń gbé e wá sọ́jà. Àgbàdo ni wọ́n fi ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Iye igi yìí kì í dúró lójú kan. Lásìkò òjò, tí igi gbígbẹ bá wọ́n, ìdì kan a máa tó igbá àgbàdo méjì. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan ti tó o. Ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Wọ́n á ná an, wọ́n á san án, Ọ̀bọ á wá fi èènì sí i. Á mú igi kan lé ìdì, á mú òmíràn lé e, títí oníbàárà fi máa ní, "Ó tó, ẹ ṣé." Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kó kọjá igi méjì, mẹ́ta. Ojú ń ti ni. Ọmọlúwàbí kì í dúró ti èènì.

Ẹtù tí mo ń wí yìí, opó ni. Ọdẹ ti pa ọkọ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni. Ara ọmọ tuntun ò gba otútù. Ojoojúmọ́ ló ní láti dáná fún wọn yá, kó sì se ògì tí òun alára ń mu kí ọmú lè sọ̀. Àgbàdo ló wà nínú àká rẹ̀, kò sì pọ̀. Inú ìwọ̀nba yẹn náà ni èyí tó máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ wà. Tí igi bá jẹ àgbàdo yẹn tán, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ méjì? Ohun tó ń jà nínú Ẹtù nìyẹn.

Òjò ọdún yẹn ò jọ òjò. Ìjì ń jà, igi wọ́n, gbogbo ìlú ń kùn. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Ọ̀bọ pe gbogbo wọn jọ sọ́jà. Ó ní igi ń tán nínú igbó. Ó ní òun tóun ń gun òkè lòun ń rí ọ̀ọ́kán, pé ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí ò ní dà bí èyí tí wọ́n mọ̀, pé kí ọyẹ́ tó kásẹ̀, ìdì kan á ti di igbá mẹ́rin. Ẹtù fa àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn yín," Ọ̀bọ ló wí bẹ́ẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká so iye mọ́lẹ̀. Igbá méjì lónìí, igbá méjì lọ́la. Bí igi wọ́n, igbá méjì. Bí ọ̀run ya, igbá méjì. Iye ò ní yí, èènì ò ní yí."

Ẹni tó bá so iye, á máa gba ìdì kan lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan títí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀. Kò gbọdọ̀ rà níbòmíràn, kò gbọdọ̀ ṣà. Wọ́n á mulẹ̀ lé e lórí, àti ẹni tó ń tà, àti ẹni tó ń rà. Ẹni tó bá dà á, ilẹ̀ á mú un. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ so, kó máa ra tirẹ̀ ní iye ọjà, kó má pariwo lọ́jọ́ tó bá wọ́n.

Ẹtù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Òòrẹ̀, àgbàlagbà tí ògiri wọn kan ara. Òòrẹ̀ ní iye ọjà lòun bá láyé, òun náà lòun máa rà, òun ò lè so ohun tóun ò rí ìdí ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin dá wà," ni Ẹtù wí. "Bí igi bá wọ́n, ẹ ó ká ara yín kò, ẹ ó sùn. Èmi ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìbejì?"

Ká sòótọ́, Òòrẹ̀ náà ò mọ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn gbé dání. Ẹ̀rù ló ń ti ọ̀kan, ìwà àtijọ́ ló ń ti èkejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹtù lọ sọ́jà, ó wólẹ̀, ó fi ahọ́n kan ilẹ̀. Ó mulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìlú mulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀bọ náà fi ahọ́n kan ilẹ̀, ó sì nu ẹnu.

Ọyẹ́ dé. Lọ́jọ́ ọjà, Ẹtù da igbá àgbàdo méjì, ó gba ìdì kan. Òòrẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré! Ọ̀bọ gbà á, ó gbé ìdì igi fún un. Ẹtù rò pé ojú òun ló ń ṣe fìrìfìrì. Ó wo ìdì tirẹ̀, ó wo ti Òòrẹ̀. Ọgbọọgba ni. Ó ní bóyá lọ́jọ́ ọjà mìíràn á gbówó lórí. Ọjọ́ ọjà mìíràn dé, ẹ̀kúnwọ́ kan náà ni. Òòrẹ̀ ò lè wò ó lójú.

Síbẹ̀, Ẹtù ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun ti yàn án lòun bá a, pé ta ló mọ̀la? Ọ̀bọ náà ṣáà rò pé igi máa wọ́n ni. Ẹ ẹ̀ rí i bí ọmọlúwàbí ṣe ń bá ọ̀tá rẹ̀ wá àwíjàre?

Ó wá di ọjọ́ kan, Ẹtù ń wá ewé tútù jẹ, ó bá ara rẹ̀ lẹ́yìn òkè tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ohun tó rí níbẹ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ìjì ti wó igi nílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ ti mọ, gbogbo ẹ̀ ti gbẹ. Ìdì igi wà níbẹ̀ tí wọ́n tò gogoro, tí wọ́n ti so. Ó fa ọ̀kan, okùn rẹ̀ já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Okùn náà ti jẹrà. Ó gbé ìdì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí olú tó hù lábẹ́ rẹ̀, tó ti gbẹ mọ́ igi lára.

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé olú ń hù ní ẹ̀ẹ̀rùn? Àgbẹ̀dọ̀. Òjò ní í hu olú.

Ẹtù fi olú náà sílẹ̀. Ó jókòó. Inú òjò ni Ọ̀bọ ti di igi wọ̀nyí. Kó tó pe ìlú jọ ló ti dì wọ́n. Ó mọ̀. Ó wo ojú òun, ó wo àwọn ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ òun, ó ní òun fẹ́ràn wọn, ó sì mọ̀. Ẹtù fẹ́ sunkún, ẹkún ò wá.

Ó lọ bá Ọ̀bọ nílé. Ó rọra sọ ohun tó rí, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tú òun sílẹ̀. Ó ti rò pé ojú á ti Ọ̀bọ, pé á ní irọ́ ni. Ọ̀bọ ò tiẹ̀ jiyàn.

"Ìyá Ìbejì, ṣé mo fipá mú ẹ ni?" ló wí, tó ń họ ìhà. "Iye ò ní yí ni mo wí. Ṣé ó yí?"

Ẹtù yí padà, ó gba ọ̀nà ilé.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà fi máa kò, àgbàdo irúgbìn nìkan ló kù nínú àká. Ẹtù wọn igbá méjì níbẹ̀, ó rù ú dé ọjà, ó dà á sílẹ̀ níwájú Ọ̀bọ. Ó ń wò ó bó ṣe ń dà. Ọ̀bọ gbé ìdì kan fún un. Ó fi èènì kan lé e. Ó fi ìkejì. Ó fi ìkẹta, ó wá ń retí kó ní ó tó.

Ẹtù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n ṣe o. Irúgbìn ọmọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ ló gbà á lọ́kàn. Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, ó fi ìkẹrin lé e. Ó fi ìkarùn-ún. Ẹtù, tó jẹ́ pé igi kan ni yóò ti dúpẹ́! Àwọn ìyàwó ilé ń fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà náà ni ojú Ẹtù là, ló rí ohun tí ìdákẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé wẹ́kú.

Ọ̀bọ wá fi orin bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹtù mi, ìyá ìbejì,
Kínrinjìn.
Wo igi, wo ọwọ́ mi,
Kínrinjìn.
Ọ̀rọ̀ kan ni mo ń tọrọ,
Kínrinjìn.
Dákun wí i kí n relé,
Kínrinjìn.

Ẹtù ò wí nǹkan kan. Inú bí Ọ̀bọ, ó ní ó ti tó. Baálẹ̀ Ẹfọ̀n, olórí ìlú, tóun náà ti so iye, ló dìde.

"Oníbàárà ní í ní èènì tó, kì í ṣe ẹni tó ń tà," ni Baálẹ̀ wí. "O mulẹ̀ pé èènì ò ní yí. Ṣé kó yí ni?"

Ọ̀bọ wolẹ̀. Kò lè ní kó yí. Ó ń kó igi lé e. Ìgbà tí ti ọjà tán, ó sáré lọ kó ti ẹ̀yìn òkè, ó ń laágùn, ó ń rù ú bọ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn Ẹtù, gbogbo wọn ti da igbá méjì tiwọn, gbogbo wọn sì ń retí èènì bí ẹni fomi sẹ́nu. Ìgbà tí ti ẹ̀yìn òkè tán, ó ní òun ń lọ gun igi wá òmíràn. Ó gùn ún, ó jókòó sórí ẹ̀ka, ló bá ní òun ò ṣe mọ́.

Gbogbo ọjà ṣe hàà. Ọ̀bọ ti dalẹ̀. Òun náà gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ó na ẹsẹ̀ kan sísàlẹ̀, ó rántí ilẹ̀ tó fi ahọ́n kàn, ó yára ká a sókè. Títí dòní, ẹ̀ka ni Ọ̀bọ ń gbé. Tó bá ju igi lù yín nínú oko, ẹ má bínú, èènì ló ń san.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ ṣí àká Ọ̀bọ, kí kálukú gba àgbàdo rẹ̀ padà. Wọ́n fi ayọ̀ sáré lọ. Ẹtù ló kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó bù ú, ó yọ ọwọ́, ìyẹ̀fun ló ń dà sílẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Kòkòrò ti jẹ gbogbo rẹ̀. Ọ̀bọ kó o jọ, ó dí i pa, kò jẹ ẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Èyí tí kálukú dà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìkan ni wọ́n rí ṣà nílẹ̀ ọjà. Igbá méjì ni ti Ẹtù, òun náà ló gbìn. Ìbejì rí iná yá, ṣùgbọ́n ebi ọdún yẹn pa wọ́n dáadáa.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹ so iye, ẹ má so ó, kò sí èyí tí kò lè já síbi ire. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tajà bá ní ìfẹ́ yín ló mú kóun so iye mọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn òkè, kí ẹ tó fi ahọ́n kan ilẹ̀. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, bí mo bá bù mọ́ ọn, kí iná yìí kú mọ́ mi lójú. Ó di ẹ̀yin náà, ẹ pa tiyín.