Ẹ̀wù Ewé tí Ẹ̀tà Fi Dẹ Òkè

Ẹ di àlọ́ mi mú ṣinṣin, kó má baà bọ́ sínú àwo ọbẹ̀. Ó yí gbirigbiri láti orí òkè, ó kọjá lára Ẹkùn, ó kọjá lára Ìkookò, ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀tà ló wá dúró sí.

Ẹ̀tà ń fẹ́ ìyàwó. Àwẹ̀ró lorúkọ ọmọge náà, bàbá rẹ̀ kò sì béèrè iṣu, kò béèrè epo. Ẹran ló béèrè.

"Àgbọ̀nrín kan," ni Bàbá Àwẹ̀ró wí. "Odidi, tòun ti ìwo lórí. Kí n rí i nílẹ̀ yìí kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Òkété ń wá kí mi láàárọ̀, ó ń wá kí mi nírọ̀lẹ́, èmi náà sì ti ń rí i pé ọmọ dáadáa ni."

Ẹ̀tà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ kà á sí ohun tó ti ṣe. Ẹ máa gbé ìkòkò kaná."

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀tà tó ń fọ́nnu yìí, aláǹgbá ni ẹran tó tóbi jù lọ tó ti pa rí, aláǹgbá ọ̀hún sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Orí Òkè Aríjìnnà ni àwọn àgbọ̀nrín sì ń gbé. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí ibi ìfarapamọ́. Bí èèrà bá ń gòkè bọ̀, wọ́n á ti mọ ilé tí wọ́n ti bí i kó tó dé àárín ọ̀nà.

Ẹ̀tà jókòó, ó ronú, ó jẹun. Ó tún ronú, ó tún jẹun. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́.

"Ojú tí wọ́n fi ń rí mi ni ìṣòro mi," ló wí. "Bí mo bá di igbó ńkọ́? Ta ló ń sá fún igbó?"

Ó já koríko, ó já ewé, ó fi ìtàkùn dì wọ́n mọ́ra láti orí dé ìrù. Nígbà tó parí, ìyá tó bí i gan-an ì bá já a lọ fi pọ́n ẹ̀kọ. Ó ní kí òun kọ́kọ́ dán ẹ̀wù náà wò nítòsí ilé, ó sì fà lọ sétí odò, níbi tí Ẹkùn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àgbọ̀nrín kan tó sọ̀kalẹ̀ wá mumi, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Igbó kan wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹkùn. Ẹkùn fò sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Igbó ni," ni Ẹ̀tà wí, ó mú ohùn rẹ̀ ki bí ti àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. "Ẹkùn, ẹran tó wà níwájú rẹ yẹn, koríko ta ló jẹ tó fi sanra?"

Ẹkùn wo ẹran, ó wo igbó. "Tiyín... tiyín ni, bàbá."

"Ta lo tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó pa á?"

"Mi ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa ń sọ̀rọ̀."

"N kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìwọ lo mú mi sọ̀rọ̀ lónìí. Fi ẹran sílẹ̀, kí o sì máa fẹ̀yìn rìn lọ títí n óò fi ní ó tó."

Ẹkùn, ọba ẹranko tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀yìn rìn. Ó yẹ kí Ẹ̀tà ní ó tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran ti kún un lẹ́nu. A kàn gbọ́ jàbú nínú odò ni. Wọ́n ní Ẹkùn ṣì ń fẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí àwọn ẹja lọ jẹun ọ̀sán.

Odidi àgbọ̀nrín rèé, tòun ti ìwo lórí. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́gbọ́n, ẹ ó ní kí Ẹ̀tà kúkú gbé e lọ fún àna rẹ̀. Ẹ ò mọ Ẹ̀tà.

"Ṣé ẹran tí mi ò tọ́ wò ni n ó gbé fún àna?" ló bi ara rẹ̀. "Bó bá korò ńkọ́? Ìtìjú ta ni?"

Ó tọ́ etí wò, etí dùn. Ó ní etí kò lè jẹ́rìí fún itan, ó tọ́ itan wò. Itan ọ̀tún dùn, ó ní àwọn ìbejì kì í jọra nínú ìwà, ó tọ́ ti òsì náà wò. Nígbà tí òòrùn fi máa yẹ àtàrí, ìwo méjì ló kù nílẹ̀.

"Ó dùn," ni Ẹ̀tà wí, ó ń lá ọwọ́. "Mo ti wá mọ̀ báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, Ìkookò ló pa tirẹ̀. Igbó dé, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìkookò gbójú.

"Irọ́ ni. Igbó kì í sọ̀rọ̀!"

"Ta wá lò ń dá lóhùn?" ni Igbó bi í.

Ìkookò rò ó títí ìpàkọ́ fi ń dùn ún. Ó fi ẹran sílẹ̀, ó lọ sílé lọ dùbúlẹ̀. Ẹ̀tà ní ó lè jẹ́ orí ire ni ti àná fi dùn, ó sì tọ́ èyí náà wò láti etí dé pátákò.

Láti ọjọ́ náà lọ, Ẹkùn àti Ìkookò kò dúró síbi tí ewé bá ti pọ̀ mọ́. Wọ́n kó lọ sẹ́sẹ̀ Òkè Aríjìnnà, níbi tí kò sí igbó tí yóò bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀tà wá káàkiri etí odò, kò rí ọdẹ tí yóò jà lólè. Ọ̀sẹ̀ ku ọjọ́ kan péré, ni iṣẹ́ bá dé láti ọ̀dọ̀ Bàbá Àwẹ̀ró: "Ìkòkò ti ń hó. Òkété ti gbé iṣu wá."

Inú Ẹ̀tà bàjẹ́. Ẹ má rò pé kò fẹ́ràn ọmọge náà. Ó fẹ́ràn Àwẹ̀ró dénú, ikùn rẹ̀ nìkan ló fẹ́ràn jù ú lọ. Kò sí ọ̀nà mìíràn, àfi kó fúnra rẹ̀ gun òkè.

Ó gbéra láàárọ̀ kùtù. Kò tíì gùn ún dé ìdajì tí afẹ́fẹ́ fi tú ìtàkùn rẹ̀, tó sì fẹ́ ewé rẹ̀ lọ pátá, tó ku Ẹ̀tà nìkan ní ìhòòhò lórí àpáta. Ó sáré padà wálẹ̀, ó lọ gbé ìkòkò àtè, oje igi tí àwọn pẹyẹpẹyẹ fi ń mú ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Ó fi àtè kun gbogbo ara, ó wá ń lẹ ewé tútù etí odò mọ́ ọn. Ewé tán nígbà tó kan ikùn.

"Ikùn kò ṣe nǹkan," ló wí. "Ta ni yóò yẹ ikùn igbó wò?"

Báyìí ló dé orí òkè. Àwọn àgbọ̀nrín ń jẹ koríko gbígbẹ, torí ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ìyá Àgbà Ìgalà, tó dàgbà jù nínú gbogbo ẹran orí òkè náà, wà láàárín wọn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀tà ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Àgbà," ni àgbọ̀nrín kan wí, "igbó kan wà lọ́hùn-ún."

"Igbó máa ń wà."

"Kò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni."

"Ó nírù, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà dáwọ́ jíjẹ dúró. "Ṣé ó ń ju ìrù náà?"

"Ó ń jù ú."

"Hùn-ùn. Ẹ má tíì sá. Bí a bá ń sá fún gbogbo ewé, kí la ó máa jẹ? Ẹ jẹ́ n kí i ná." Ó rìn sún mọ́ ọn. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin igbó."

Ẹ̀tà dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń yún un lọ́fun. Láti kékeré, kò jẹ́ kí ìkíni àgbà bọ́ sílẹ̀ rí.

"Ẹ kú ìdúró o."

Ẹ̀tà fi eyín di ahọ́n mú.

"Ẹ kú òkè gígùn. Ẹ kú afẹ́fẹ́ o. Ilé ńkọ́? Ara ò le bí?"

Omi bọ́ lójú Ẹ̀tà.

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀, ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìyá tó bí i ni kò kọ́ ọ."

Háà! Ẹ pe Ẹ̀tà ní olè, kò ní bínú. Ẹ pè é ní wọ̀bìà, á ní ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀!

"Irọ́ ni, Ìyá Àgbà!" ni Igbó ké. "Ìyá mi kọ́ mi o! Ẹ káàárọ̀ mà!" Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta.

Àtè ikùn rẹ̀ bá àpáta pàdé, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́! Ẹ̀tà fẹ́ dìde, àpáta ní ó ku díẹ̀.

"Káàárọ̀ o, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Dìde."

"Ìyá Àgbà, mi ò lè dìde."

"Ẹ ò rí i? Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni! Mo ní kó dìde, ó kọ̀!"

Nígbà náà ni àgbọ̀nrín kan gbóòórùn ewé tútù. Ó jẹ ọ̀kan lára èjìká Igbó, ó ní ó dùn. Ni gbogbo wọn bá ya bò ó, wọ́n ń fà, wọ́n ń kọrin:

Igbó ń sọ̀rọ̀, ẹ wá jẹ ẹ́!
Igbó nírù, ẹ wá jẹ ẹ́!
Igbó ń sunkún, iyọ̀ ló fi sí i!

Bí wọ́n ṣe ń fa ewé kan ni irun ń bá a lọ. Ẹ̀tà sì ń pariwo, "Mo gbé o!" Ẹkùn gbọ́ ohùn náà nísàlẹ̀ òkè. Òun àti Ìkookò sáré gòkè wá láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Igbó. Àwọn àgbọ̀nrín túká, ó wá ku Ẹ̀tà ní ìdọ̀bálẹ̀, ara rẹ̀ rí tóótòòtó.

"Ìkookò," ni Ẹkùn wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹni tó ní kí n máa fẹ̀yìn rìn nìyí."

Ìbẹ̀rù fún Ẹ̀tà lágbára tí oúnjẹ kò fún un rí. Ó fà á tu, irun ikùn rẹ̀ ṣẹ́ kù sórí àpáta. Ó yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀, ó dìde, ó sá, kò wẹ̀yìn títí ó fi já sí àgbàlá Bàbá Àwẹ̀ró. Bàbá jókòó lórí ẹní, Òkété ń bẹ iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tà dọ̀bálẹ̀ sórí etí ẹní náà.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ̀tà, àna yín."

"Ẹ̀tà tí mo mọ̀ kò ní àmì lára. Ó dáa. Ẹran mi dà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i, bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀mejì! Ibo ló wà?"

Àwẹ̀ró yọjú látinú ilé, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ojú ti Ẹ̀tà ju bí ó ti tì í lórí òkè lọ. Ó fò dìde láti sá, ẹní tí àtè ti lẹ̀ mọ́ ọn lára sì bá a dìde, Bàbá Àwẹ̀ró yí dànù sínú èèpo iṣu.

"Ẹ gbà mí!" ni bàbá ké láti ilẹ̀. "Mo ní kó gbé ẹran wá, ẹní ìdí mi ló gbé lọ!"

Òkété ló fẹ́ Àwẹ̀ró. Àmì ara Ẹ̀tà kò parẹ́ títí dòní, òun nìkan ló sì ń dá rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹran àna, bí ẹ bá ti rí i, ẹ gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí àna fẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ dé. Ẹni tó bá rí ẹní náà, kó bá wa dá a padà fún bàbá.