Fadérera àti Ogun Inú Kọ̀ǹpútà

Obìnrin kan wà ní ìlú Ìkìrun tó ń jẹ́ Fadérera. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò rẹ̀. Òun ni àwọn tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà máa ń fi géèmù tuntun ránṣẹ́ sí, kí ó ta á wò bí ẹni ń ta ayò, kí ó sì sọ ibi tó dára àti ibi tó kù sí fún aráyé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èdè Yorùbá ló fi ń ṣe fídíò rẹ̀, kì í sì í fepo bọyọ̀. Bí géèmù bá dára, yóò sọ ọ́. Bí kò bá dára, ìyìn oníyìn kò lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nítorí èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú àti ti òkè òkun fi ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Ọlátẹ̀jú, jẹ́ ṣọ́jà tẹ́lẹ̀. Ó lọ jagun ní òkè ọya, nígbà tó sì padà dé, tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ ló pé. Àwọn ẹbí dúpẹ́, wọ́n ní orí bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n Fadérera mọ̀ pé ohun kan wà tí kò bá a délé. Ọkùnrin tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín di ẹni tó ń wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú àwọn adìẹ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ogun, yóò ní, "A dúpẹ́," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Fadérera ti kó gbogbo géèmù ogun kúrò nílé. Ti bọ́ọ̀lù àti ti eré ìje ọkọ̀ ló kù tó ń ta.

Nígbà tó yá, géèmù ogun kan jáde tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Ogun òde òní ni, ọ̀pọ̀ èèyàn láti orílẹ̀-èdè gbogbo á pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n á máa jà du odò, afárá àti abúlé. Àwọn tó ṣe é fọ́nnu pé kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín rẹ̀ àti ogun gidi, pé ẹni tó bá ta á ti lọ sójú ogun bọ̀. Àwọn èèyàn gbà wọ́n gbọ́. Àwọn kan tilẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ fídíò Fadérera pé àwọn náà ti mọ bí ogun ṣe rí wàyí, pé kí ni àwọn ṣọ́jà tó ti ogun bọ̀ ń ráhùn lé lórí. Wọ́n ní kí ó wá fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ inú egungun. Ó gba géèmù náà, ó sì ń ta á nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá lọ ra oúnjẹ adìẹ ní Òṣogbo. Kò sì lè purọ́, wọ́n gbìyànjú. Ìró ẹsẹ̀ lórí òkúta yàtọ̀ sí ìró ẹsẹ̀ nínú koríko. Ọta ìbọn ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókèèrè, ẹni tí kò bá gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀ kò ní ba ẹni tó ń yìn ín sí. Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì tó ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ta á ń yìnbọn gba inú ògiri, èèyàn á sì rìn títí kó tó débi ìjà, kó tó mí, wọ́n á ti yìnbọn fún un. Gbogbo èyí ló lè sọ. Ṣùgbọ́n ti pé kò yàtọ̀ sí ogun, báwo ni òun tí kò dé ojú ogun rí yóò ṣe dá a lẹ́jọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dáhùn, òun gan-an sì ni kò lè bi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ adìẹ pa, Ọlátẹ̀jú sì tètè padà. Fadérera fi ẹ̀rọ bo etí, kò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ìgbà tó rí òjìji ọkọ rẹ̀ lára ògiri ló tó mọ̀ pé ó ti dé. Ó nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà.

Ọlátẹ̀jú ní, "Má pa á."

Ó fa àpótí kan, ó jókòó. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ Fadérera ṣubú sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ké pe ẹni tí yóò gbà á. Ọlátẹ̀jú nàka sí i, ó béèrè pé ẹni yẹn ńkọ́. Fadérera sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, ó di ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dìde, ó gbé ìbọn rẹ̀, ó sì sá lọ.

"Ó dìde," ni Ọlátẹ̀jú wí.

Fadérera ṣàlàyé fún un pé gbogbo wọn ló ń dìde, pé bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣubú, yóò tún padà wá láìpẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó sún fún òun.

Ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ó ń ṣi bọ́tìnnì tẹ̀. Kò yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti ṣubú ló ń sá lọ bá, bí ó bá gbé èyí dìde, yóò tún forí lé ọ̀dọ̀ òmíràn. Wọ́n yìnbọn lù ú, ó padà wá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bínú pé kó wá ṣọ́ afárá, kò lọ. Afárá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣe ni Ọlátẹ̀jú bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí Fadérera kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé. Ẹ̀rín náà pẹ́. Nígbà tó ṣe, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Ó ní, "Dánlámì kò dìde."

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Dánlámì ni ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Ìbọn bà á níbi tí kò jìnnà sí Ọlátẹ̀jú, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá wọn pàṣẹ pé kí wọ́n fà sẹ́yìn, gbogbo wọn sì fà sẹ́yìn. Kò mọ ìgbà tí ohùn náà dákẹ́. Fadérera di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ó wá rọra fi orúkọ ọmọ wọn pè é, ó ní, "Bàbá Ìyanu, wọ́n ní kò yàtọ̀ sí ogun."

"Ó yàtọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Jẹ́ kí n tún ta á lọ́la."

Fadérera ṣe fídíò rẹ̀. Ó yin ohun tó yẹ, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó yẹ, kò sì dárúkọ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀ lórí ìfọ́nnu àwọn tó ṣe é, ó ní, "Ẹ ta á, eré tó dùn ni. Ṣùgbọ́n ogun tí òkú rẹ̀ bá ń dìde, eré ni. Ẹ má fi wé ti ẹni tí òkú tirẹ̀ kò dìde." Inú àwọn tó ṣe géèmù náà kò dùn, wọn kò sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí i mọ́.

Láìpẹ́ sí i, opó kan ń sunkún ọkọ rẹ̀ ní àdúgbò wọn. Ọkùnrin kan bá a wí pé kó gbé e mọ́ra, pé òun náà mọ bí àdánù ṣe ń dunni, nítorí pé ewúrẹ́ òun sọnù rí, ọjọ́ kẹta ló tó wálé. Bàbá Ọláoníye, àgbà kan ládùúgbò náà, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ti fi fídíò Fadérera hàn án, wo ọkùnrin náà títí, ó sì sọ gbólóhùn Fadérera fún un. Ọkùnrin náà tẹrí ba. Bí ó ṣe di òwe lẹ́nu àwọn àgbà nìyẹn, tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tó bá ń fojú kékeré wo ìbànújẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ pé: ogun tí òkú rẹ̀ bá ń dìde, eré ni.