Ibi Tí Ọkọ̀ Fi Jókòó

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa létí ọ̀sà, awakọ̀ ojú omi ni. Kò ga, kò sanra, kò sì mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Bí ó bá kí ọ láàárọ̀, ó lè di ọjọ́ kejì kí o tó tún gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, Bùsúyì, bí mo bá ń ka àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún láyé, mi ò lè kà á dé ẹnì kẹta kí n má tíì dárúkọ rẹ̀.

Ọkọ̀ tó ń wà kì í ṣe tirẹ̀. Ọkọ̀ ìlú ni, pákó ni wọ́n fi kàn án, ẹ́ńjìnnì sì wà ní ìdí rẹ̀. Nígbà yẹn, kò sí ilé ìwòsàn ní apá ọ̀dọ̀ wa, òdìkejì ọ̀sà ló wà. Obìnrin tó bá ń rọbí, ọkọ̀ yẹn ló ń gbé e sọdá. Ìdí tí a fi ń kẹ́ ọkọ̀ náà bí ẹyin nìyẹn.

Bí iṣẹ́ bá ti parí lójoojúmọ́, a máa ń fi okùn fà á gòkè kúrò nínú omi kí ìgbì má baà máa gbá a. Orí tirélà ọkọ̀ la máa ń fà á sí, irin gbọọrọ onítáyà méjì tí igi méjì nà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀. Orí igi méjèèjì yẹn ni ikùn ọkọ̀ máa ń jókòó lé. Káfíńtà ìlú, ẹni tó kan ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, ti fi kápẹ́ẹ̀tì wé àwọn igi náà kí wọ́n má baà ha ọkọ̀ rẹ̀ lára. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju bí àwọn kan ṣe fẹ́ràn àna wọn lọ. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, a ó fi í sílẹ̀ lórí tirélà fún ọjọ́ díẹ̀, a ó fá gbogbo karawun kéékèèké tó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, a ó dí ibi tó bá là, a ó sì kùn ún.

Èmi ni mo máa ń di búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà mú, torí náà mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí ọ̀dà bá dé ibi tí ọkọ̀ ti fara kan igi, a ó fo ibẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí n tó dé nìyẹn, bí mo sì ṣe ṣe é fún ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Ọkọ̀ á máa dán, àwa náà á sì máa yin ara wa.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, awakọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ àgbà tó ń wà á tẹ́lẹ̀ ni. A ti parí iṣẹ́, ọ̀dà ti gbẹ, ó ku kí á tì í padà sómi. Ni ọkùnrin yìí bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbọn yanrìn ara rẹ̀ nù, ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tó fi jókòó yìí, ìgbà wo lẹ kùn ún gbẹ̀yìn?"

Mo wo káfíńtà. Káfíńtà náà wò mí.

"A kì í kun ibẹ̀," ni káfíńtà dáhùn. "Ìwọ náà, bí o bá wà lórí ìdúró, ṣé o máa ń ráyè fọ àtẹ́lẹsẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Mo máa ń gbé e sókè ni. Ó yẹ kí á yọ tirélà yìí kúrò lábẹ́ rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ariwo nìyẹn. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, ó sì lè ṣẹ́ni níka. Ohun tó tún wá burú jù ni pé ọmọ káfíńtà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, wà nínú oyún, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ bí i sílé. Ojú ń kán bàbá náà, ẹ̀rù sì ń bà á, ó wá fi ìbínú bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní, "Bí ọmọ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lọ́la tí ọkọ̀ wà lórí ìtì igi ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn rẹ lo máa fi pọ̀n ọ́n sọdá? Èmi tí mo kàn án ni mò ń sọ fún ọ pé kò sí ohun tó ṣe é."

Bùsúyì, ibi tí ìwà ọkùnrin yẹn ti wù mí jù rèé. Kò bá a jiyàn. Kò sọ pé àwọn àgbà wọ̀nyí ò mọ iṣẹ́. Ó lọ yá ọkọ̀ alájẹ̀ lọ́wọ́ apẹja kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí omi ṣì pa rọ́rọ́, ó gbé ọmọ káfíńtà àti ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà á fún wákàtí méjì gbáko. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ pé láti ojú fèrèsé rẹ̀ lèèyàn ti ń rí ilé ìwòsàn. Ó tún wà á padà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó nígbà tó dé. Ó wá dúró níwájú káfíńtà, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti dé ọ̀hún o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

Káfíńtà dìde, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

Ìwọ kò tíì rí iṣẹ́ yìí rí, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. A kì í gbé ọkọ̀ kúrò lórí tirélà. Agbára ta ló ká a? Tirélà la ń yọ kúrò lábẹ́ ọkọ̀. A kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. A fi jáàkì ti imú ọkọ̀ sókè díẹ̀, a ti igi kan gba abẹ́ rẹ̀ ní ìbú, a sì to ìtì igi sábẹ́ igi náà lọ́tùn-ún àti lósì. A lọ sí ìdí rẹ̀, a ṣe bákan náà. A tún padà sí imú. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta níbí, ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ́hùn-ún. Awakọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí á sáré. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ gbé ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ, á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa á sì dúró. Kò jágbe mọ́ ẹnì kankan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, àlàfo yọ láàárín ọkọ̀ àti kápẹ́ẹ̀tì, a sì rọra fa tirélà jáde.

A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a wò ó. Ìlà dúdú méjì ló wà lábẹ́ ọkọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìfẹ́ wé mọ́ igi yẹn ti ń mu omi láti ọdún pípẹ́ wá, kì í gbẹ, ó sì ń fi omi náà sí pákó lára ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sinmi. Awakọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Àtàǹpàkò náà wọlé dé oríkèé.

Káfíńtà wò ó, ó tún un wò, ó jókòó sórí yanrìn, ó sì bú sẹ́kún. Kò tijú wa. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń rò: ọmọ rẹ̀ láàárín ọ̀sà, nínú ìrora, kí pákó wá là lábẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kun kìkì ibi tí gbogbo ayé ń rí.

Awakọ̀ yẹn ì bá ti sọ pé, "Ṣé mo sọ ọ́?" Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá ti dùn jù. Kò sọ ọ́. Ó bu omi fún bàbá náà mu, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí pákó rẹ̀ ṣe so mọ́ra. Ẹ máa júwe, èmi á máa gé e." Wọ́n gé gbogbo ibi tó ti jẹrà, wọ́n fi pákó tuntun sí i, mo sì kùn ún láìfo ibì kankan. Ọjọ́ kejì tí a wà lẹ́nu rẹ̀ ni ìròyìn dé pé ọmọ káfíńtà ti bí ọkùnrin, tìyátọmọ ló sì wà ní àlàáfíà. Ìrìn àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà rìn, wọ́n fi lọ gbé wọn wálé ni.

Bùsúyì, mi ò pè ọ́ wá torí ọkọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìjọ fẹ́ fi ọ́ jẹ bàbá ìjọ. Ó tọ́ sí ọ. O ń tọ́jú àwọn opó, o kì í pẹ́ dé ìpàdé, àdúrà rẹ sì máa ń wọni lára. Àwa ará ìta ti kùn ọ́ dáadáa, ẹnu tèmi gan-an ò gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ lo ti máa ń sinmi, a ò sì lè rí ibẹ̀. Ó wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ẹtì. Kò wá fẹjọ́ rẹ sùn. Ó ní kí n kàn bá òun bẹ̀ ọ́ kí ẹ jọ jókòó kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí ó ti lé lọ́dún kan tí o ti bá òun sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn láìjẹ́ pé o fẹ́ rán òun níṣẹ́. Ó ní o dá òun lóhùn pé kó di ẹ̀yìn ìfijoyè.

Má sọ fún mi pé kò sí ohun tó ṣe é. Lọ sílé nísinsìnyí. Jókòó tì í, kí o bi í pé níbo ló ti ń dùn ún. Bí ó bá ń sọ ọ́, má dá a lóhùn, má sì ka ẹsẹ Bíbélì kankan fún un. Gbọ́ ọ tán. Bí yóò bá gba ọjọ́ mẹ́ta, kó gbà á. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n sún ìfijoyè náà síwájú, wọ́n sì ní àwọn lè dúró. Ìyàwó rẹ ló ti dúró pẹ́.