Àwẹ̀ró àti Ìkòkò Omi Ọdún

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò bọ́ sórí ọba, kò bọ́ sórí ìjòyè. Orí Láníhùn àti Àwẹ̀ró aya rẹ̀ ló bọ́ sí.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ń fọhùn bí ènìyàn, ìlú kan wà létí odò. Lọ́dọọdún, obìnrin kan a ru ìkòkò omi jó níwájú ààfin. Omi a kún un dé ẹnu. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì gbé e rù ú, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá sọ̀ ọ́, wọ́n ní odò yóò gbẹ.

Àwẹ̀ró ló ń jó. Láníhùn ló ń gbé e rù ú. Bí Àwẹ̀ró bá ń jó, ẹ ó rò pé ìyẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kì í mì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Omi kì í ta sílẹ̀. Àwọn àgbà a máa sunkún láìmọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún. Ẹkún Láníhùn ló máa ń pọ̀ jù.

Lọ́dún kan, Àwẹ̀ró bọ́ sí agbo. Láníhùn dá orin, ìlú ń gbè é. Ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró, omi kún o,
*Rọra, rọra.*
Ẹsẹ̀ rẹ kò dun ilẹ̀ o,
*Rọra, rọra.*
Gbogbo wa ń wò ọ́ o,
*Rọra, rọra.*

Ó jó tán. Láníhùn sọ̀ ọ́. Ìlú pariwo: "Kò tó! Kò tó!"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó sọ sétí ọkọ rẹ̀ pé, "Baálé mi, ọrùn ń dùn mí. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ọrùn wo? Ìwọ tí ò ń ṣe é bí ẹni ń rìn lọ sẹ́yìnkùlé!"

Ó tún gbé e rù ú. Àwẹ̀ró jó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láníhùn sọ̀ ọ́.

"Kò tó! Kò tó!"

"Baálé mi, òòyì ń kọ́ mi."

"Wo bí wọ́n ṣe ń sunkún. Bí mo bá ní ó ti rẹ̀ ọ́, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Ó gbé e rù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Àwẹ̀ró yí agbo ká. Ó dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó. Omijé ti bo Láníhùn lójú.

Ewúrẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tirẹ̀ gbẹ.

"Láníhùn, aya rẹ ń wò ọ́."

"Mo rí i. Ijó ni."

"Láníhùn, ètè rẹ̀ ti funfun."

"Ijó ni, mo ní! Ìwọ tí ò ń jẹ èèpo iṣu, kí lo mọ̀ nípa ijó?"

"Láníhùn, sọ̀ ọ́."

"Pa ẹnu dé! Jẹ́ n wò ó."

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Orúnkún kan kan ilẹ̀. Èkejì kan ilẹ̀. Omi kò ta. Ìlú hó yèè. "Ẹ wo ìkúnlẹ̀! A kò rí irú èyí rí!" Kò sí ẹni tí kò sunkún. Láníhùn tún dá orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì gbè é.

Orin parí. Ó lọ gbé ìkòkò kúrò lórí aya rẹ̀. Bí ìkòkò ti kúrò, Àwẹ̀ró ṣubú. Ó ti kú.

Wọ́n wá bá Láníhùn kẹ́dùn. Wọ́n ní, "Ikú náà tiẹ̀ lẹ́wà." Wọ́n ní, "Omi kò ta sílẹ̀." Nígbà tí wọ́n lọ tán, Láníhùn lọ bá ewúrẹ́.

"Ewúrẹ́, nígbà tó ń wò mí, ṣé inú ń bí i?"

"Rárá," ni ewúrẹ́ wí. "Ó ń dúró dè ọ́ ni."

Ẹ̀kọ́ ààlọ́ yìí ni pé bí iṣẹ́ ẹnìkan bá rọrùn lójú wa, kí á bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá ní ó ti rẹ òun, kí á gbà á gbọ́. Láníhùn mọ èyí dáadáa. Kò rí ẹni tí yóò bi mọ́.

Ibí ni ààlọ́ tèmi dúró sí o.